Ọdún Tí Ọkọ̀ Wọ Kẹ̀ǹbẹ̀

Ohùn kan wà tí kò tíì kúrò létí mi láti kékeré. Kì í ṣe ohùn ìyá mi, kì í sì í ṣe ti Ládàánì tó ń pèrun àsùbáà. Omi ni. Omi tó ń kán sínú abọ́ páànù ní àfẹ̀mọ́júmọ́, táń, táń, táń, tí ara ẹnikẹ́ni nínú agbolé wa kò sì balẹ̀ nítorí rẹ̀, àfi ti ìyá àgbà mi. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ irú rẹ̀ níbikíbi, ẹsẹ̀ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà.

Ilé wa wà létí odò Ọ̀fíkì, níbi tí ọ̀nà tó wá láti Àgọ́-Àrẹ ti máa ń wọ inú omi bí ẹni tó gbàgbé nǹkan síbẹ̀. Odò ìgbà náà kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọmọ yín ń fò kọjá lónìí o. Nígbà òjò, Ọ̀fíkì máa ń hú igi ìrókò pẹ̀lú ẹyẹ lórí rẹ̀, ẹyẹ náà kò sì ní tètè mọ̀ pé òun ti kúrò nílùú òun. Mo rí i tó gbé erin kan kọjá níwájú ilé wa, erin náà sì ń ju imú rẹ̀ sí wa bí ẹni ń juwọ́. Sàbítíyù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí a jọ dàgbà, ní màlúù Fúlàní ni, pé ìrù rẹ̀ ni mo pè ní imú. Kó máa wí. Àwa méjèèjì la jọ dúró síbẹ̀, ojú tèmi sì là ju tirẹ̀ lọ.

Ìyá àgbà mi ló ni ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn kọjá. Pákó ni wọ́n fi kàn án, kò sì tóbi. Bí ó bá ti kún díẹ̀, ẹni tó wọ̀ ọ́ kẹ́yìn á máa ka kálímà títí tí yóò fi gúnlẹ̀. Ìyá àgbà fúnra wọn ló ń fi ọ̀pá tì í. Àtẹ́lẹwọ́ wọn le bí ẹ̀yìn ìjàpá. Bí wọ́n bá fi gbá ọ létí lónìí, wàá gbọ́ ìpè ìrun ọ̀la. Ní ìdí ọkọ̀ náà ni àmù kan wà, ife so mọ́ ọn lọ́rùn. Owó ni wọ́n ń gbà fún ìrékọjá, ṣùgbọ́n omi inú àmù kò lówó, nítorí sàráà bàbá àgbà mi ni. Mi ò bá bàbá àgbà náà láyé. Ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé wọ́n ń kó ewúrẹ́ bọ̀ láti Ìgbòho ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kèrègbè omi wọn ń jò lẹ́yìn wọn, wọn kò mọ̀. Wọ́n fi ọkàn sí odò. Nígbà tí wọ́n dé etí odò, odò ti gbẹ, ẹsẹ̀ wọn kò sì lè gbé wọn dé ilé tàbí ibi tí omi ṣẹ́kù sí mọ́. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn bá wọn ní àárọ̀, wọ́n jókòó, wọ́n kọjú sí ilé ara wọn, àwọn ewúrẹ́ sì dúró yí wọn ká. Láti ọjọ́ náà ni Ìyá àgbà ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òùngbẹ kò ní gbẹ ẹnikẹ́ni kọjá níwájú ilé yìí mọ́. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé, "Ìgbà tí odò bá lọ sùn ni òùngbẹ ń jí." Nítorí náà, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọ́n á gbé àmù náà jáde sábẹ́ igi àjàgbọn tó wà létí odò, a ó máa pọn omi sí i fún àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn la iyanrìn kọjá. Ọkọ̀ ní tirẹ̀, a ó kó òkúta sínú rẹ̀, a ó rì í sínú ọ̀gbun omi tó máa ń ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ odò, kí oòrùn má baà la pákó rẹ̀. Gbogbo ọlọ́kọ̀ odò wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tó bá gbẹ, ọkọ̀ tó kú ni.

Ọdún tí mo ń sọ yìí ni Bọ̀dá Òkun dé. Ráfíù ni orúkọ wọn, àbúrò bàbá mi, ọmọ tí Ìyá àgbà bí gbẹ̀yìn. Wọ́n ti bá ọkọ̀ òkun ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ti dé ibi tí orúkọ rẹ̀ kò ṣeé pè láìtutọ́. Orí ilẹ̀ kò gbà wọ́n mọ́. Bí wọ́n bá ń rìn nínú agbolé, ẹ ó rò pé ilẹ̀ ń mì lábẹ́ wọn. Wọn kì í jókòó jẹun. Wọ́n á gbé àwo ẹ̀kọ bàbà lọ́wọ́, wọ́n á máa rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìdáná, láti ilé ìdáná dé ẹnu ọ̀nà, àwọn adìẹ á sì tẹ̀ lé wọn bí ọmọ kéwú tẹ̀ lé àfáà. Wọn kì í sùn. Kí àkùkọ tó kọ, a ó ti máa gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí yangí. Ìyá mi ní, "Ẹni tó bá ń wá nǹkan, kó sọ ohun tó ń wá, ká bá a wá a." Wọ́n gbé àwo wọn, wọ́n tún kọrí sí ẹnu ọ̀nà.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n tún omi ọkọ̀ ṣe. Wọ́n ní ife kan ṣoṣo fún gbogbo ayé kò mọ́ tó. Wọ́n ra agbá kan ní Ṣakí, wọ́n fi bóòtù onírin kàn án mọ́ ìdí ọkọ̀, wọ́n fa rọ́bà láti ara rẹ̀, wọ́n sì fi ẹnu ẹ̀rọ onídẹ kan tí wọ́n mú bọ̀ láti orí òkun sí i lẹ́nu. Bí o bá yí i, omi á yọ. Àwọn ará oko máa ń wọ ọkọ̀ láìní ibi tí wọ́n ń lọ, nítorí àtiyí ẹ̀rọ. Ọjọ́ tí wọ́n ń gbé àmù àtijọ́ jáde láti fi ààyè sílẹ̀ ni ó bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì fọ́. Ìyá àgbà kó àfọ́kù rẹ̀ jọ.

Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ti ìsinsìnyí ní ọyẹ́, ẹ fi orí jì mí. Ọyẹ́ ọdún náà, aláǹgbá ń wọlé wá yáná pẹ̀lú wa, ẹ̀yìn ìyá mi ló sì máa ń gbà, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n bi òun ní nǹkan. Mo rí ewúrẹ́ kan tó sùn sínú àrò, tó jẹ́ pé nígbà tí ìyá mi pe orúkọ mi láàárọ̀, òun ló dáhùn. Ilẹ̀kùn ń gbá ara wọn, ewé gbígbẹ ń sáré yí agbolé po, ètè gbogbo wa là, a fi òrí kùn ún títí ẹnu wa fi ń dán bí ẹnu olè. Àárín ìgbà náà ni Bọ̀dá Òkun lọ bá Ìyá àgbà níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká da omi inú agbá nù. Ká fẹ́ inú rọ́bà gbẹ, ká ṣí ẹnu ẹ̀rọ sílẹ̀, ká da nǹkan bo ọkọ̀, kó sùn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń ṣe é lọ́hùn-ún kí òtútù tó dé."

"Kí ni omi ṣe fún yín lọ́hùn-ún tí ẹ fi ń dà á nù?"

"Ó ń di òkúta, Ìyá. Tó bá ti di òkúta nínú rọ́bà, á wú. Á fa rọ́bà ya, á la agbá sí méjì bí obì."

Ìyá àgbà gbé atẹ́ ẹ̀wà sílẹ̀. "Ráfíù, omi di òkúta?"

"Mo fi Ọlọ́run búra. Mo ti rìn lórí rẹ̀ rí."

"Ànábì Músà gan-an, Ọlọ́run la ọ̀nà fún un sáàárín omi ni. Ìwọ wá gun orí rẹ̀, o ń rìn."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín nínú ilé ìdáná, ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo rí i tó ń ti àmù inú ilé sún mọ́ iná. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ agbolé. Sàbítíyù kò mu omi láàárọ̀ mọ́, ó ní bí ó bá di òkúta sí òun níkùn, ta ni yóò gbé òun lọ sí ilé kéwú? Èmi ní tèmi, bí mo bá jáde lọ tọ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, kíákíá ni mo ń ṣe é, kí ó má baà di ọ̀pá mọ́ mi lára. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti rìn lórí omi ló sọ ọ́.

Ìyá àgbà kò gbà kí wọ́n da omi náà nù. Wọ́n ní àmù ti fọ́, agbá ló kù, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni òùngbẹ sì ń pa èèyàn. Bọ̀dá Òkun kò lè tú agbá kúrò, nítorí wọ́n ti kan bóòtù rẹ̀ débi tí yóò fi fa pákó ya. Bí a bá sì rì í sínú ọ̀gbun pẹ̀lú ọkọ̀, omi ẹlẹ́rẹ̀ á bà á jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ wa ṣe jókòó sórí iyanrìn lábẹ́ igi àjàgbọn, agbá kún fún omi nínú rẹ̀, nígbà tí Bàbá Kàrímù, ọlọ́kọ̀ kejì tó wà nísàlẹ̀ odò, rọra rì tirẹ̀ sínú ọ̀gbun bí ìṣe wa. Ó kọjá níwájú ilé wa, ó mi orí. "Ìyá Ráfíù, ẹ ó fi ọkọ̀ yẹn dáná ìrẹsì tí òjò bá dé o." Ìyá àgbà mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Ọkọ̀ náà ni oúnjẹ wa. Omi náà sì ni ọkọ wọn.

Nígbà tí Bọ̀dá Òkun rí i pé omi kò ní jáde, wọ́n ní ó dára, a ó wọṣọ fún un. Wọ́n fi ẹní yí agbá ká. Wọ́n di òwú mọ́ rọ́bà. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀rọ, níbi tí wọ́n ní òtútù ti ń kọ́kọ́ wọlé, ó ń fẹ́ aṣọ tó nípọn. Wọ́n wọlé, wọ́n ṣí àpótí, wọ́n sì gbé kẹ̀ǹbẹ̀ bàbá àgbà jáde, òfì Ìsẹ́yìn tó wúwo bí ọmọ ọdún kan.  Ìyá àgbà na ọwọ́ kan aṣọ náà. "Ó fẹ́ràn rẹ̀," ni wọ́n wí. "Ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́." Báyìí ni wọ́n ṣe so ìbàdí kẹ̀ǹbẹ̀ mọ́ ẹnu ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì nà sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ọ̀kan sápá ọ̀tún, ọ̀kan sápá òsì, bí bàbá kan tó jókòó tó na ẹsẹ̀, tí kò kánjú.

Ìròyìn náà dé ọjà. Èèyàn tí kò ní nǹkan ṣe ní òdìkejì odò ń kọjá wá wò ó. "Ẹ kú ilé o. Ṣé ibà ló ń ṣe ọkọ̀ yín ni?" Sàbítíyù á dáhùn pé, "Ibà kọ́ o. Ọkọ ìyàwó ni. Ó ń retí ìyàwó láti Ṣakí." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á yí ẹ̀rọ, wọ́n á mu omi, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ kẹ̀ǹbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń yí i tó yẹn ni awọ tó ń dí omi nínú ẹ̀rọ náà ṣe gbó, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Bọ̀dá Òkun fi òwú dí i, ó kán. Wọ́n fi òrí dí i, ó kán. Wọ́n fi okùn fún un lọ́rùn bí ẹni ń pa adìẹ, ó sinmi díẹ̀, ó kán. Ìyá àgbà gbé abọ́ páànù sábẹ́ rẹ̀ kí àwọn àdàbà lè rí mu. Bí abọ́ bá kún, á dà sínú ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ á sì gbé ohùn rẹ̀ wọ inú yàrá wa: táń, táń, táń. Ìyá àgbà gbádùn rẹ̀. Lẹ́yìn àsùbáà wọ́n á jókòó, wọ́n á máa fa tẹ̀sùbáà, bí ó ti ń kán ni wọ́n ń já kóro kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá Òkun á fi ọwọ́ méjèèjì di etí, wọ́n á dìde, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ìrìn wọn. Àwa ọmọdé, ẹ̀yìn ọrùn wa ló mọ̀ ọ́n lára, nítorí omi tó ń kán, àwa là ń pọn ọ́n padà. Kànga agbolé sì ń lọ sílẹ̀. Korobá ń gbá ìsàlẹ̀ kànga gbò, gbò, ó ń gbé ẹrẹ̀ bọ̀.

Ìyá mi kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ máà bínú. Ṣé ká fi omi àlejò pa ọmọ ilé ni? Mi ò rí omi fọ ìkòkò lónìí."

"Ìkòkò tó bá dọ̀tí, a ó fọ̀ ọ́ lọ́la," ni Ìyá àgbà wí. "Ẹni tí òùngbẹ bá pa, ta ni yóò fọ̀ ọ́ lọ́la?"

Ìyá mi padà sídìí ìkòkò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Jímọ́ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Ìyá àgbà lọ kírun, Bọ̀dá Òkun pe èmi àti Sàbítíyù. Wọ́n tú kẹ̀ǹbẹ̀, wọ́n ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀, wọ́n ní ká máa gbé omi náà lọ fún ìyá mi. Ìyá mi kò bèèrè ibi tó ti wá. Ó rọ omi kún àmù rẹ̀, ó rọ ọ́ kún ìkòkò, ó rọ ọ́ kún igbá, orin ló ń kọ. Nígbà tí agbá ṣófo, Bọ̀dá Òkun dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀, wọ́n fi ẹnu sí ìdí rọ́bà, wọ́n ń fẹ́ ẹ kí omi tó kù lè jáde. Ohùn náà dúró.  Èmi tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró, ṣe ni mo tún ń na etí wá a.

Ibẹ̀ ni obìnrin kan ti la iyanrìn bọ̀ láti òdìkejì, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹrù lórí rẹ̀, eruku ti kun ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun. Ó ti mọ̀ nípa omi náà, a rí i bí ó ṣe ń bọ̀ ní tààrà. Kò rí Bọ̀dá Òkun tí agbá bò nínú ọkọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́, ó yí ẹ̀rọ. Kò sí nǹkan. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò bínú, kò pariwo. Ó kàn sọ ẹrù kalẹ̀, ó jókòó síbẹ̀ lórí iyanrìn, ó kọjú sí ilé wa.

Mi ò mọ bí Bọ̀dá Òkun ṣe jáde nínú ọkọ̀. Màá sọ pé wọ́n fò, ẹ ó ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sáré wọlé, wọ́n gbé ohun tí ọwọ́ wọn kọ́kọ́ bà, kẹ́tù àlùwàlá, wọ́n sì kúnlẹ̀ síwájú obìnrin náà bí ẹni tó jẹ̀bi. Ó fún ọmọ mu, ó mu, ó da èyí tó kù sórí ọwọ́, ó fi nu ojú ọmọ. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sókè. "Ẹni tó ni omi yìí," ni ó wí, "kí òùngbẹ má gbẹ ẹ́ láyé, kó má gbẹ ẹ́ lọ́run."

Bọ̀dá Òkun kò lè ṣe àmín. Èmi àti Sàbítíyù la ṣe é.

Ìyá àgbà bá Bọ̀dá Òkun níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ti ìrun darí dé, tí obìnrin náà ti lọ tipẹ́. Kẹ̀ǹbẹ̀ wà lórí itan Bọ̀dá Òkun. Wọ́n ní, "Ìyá, orí omi ni mo wà. Omi lọ́tùn-ún, omi lósì. Mo ń fi omi fọ ilẹ̀ ọkọ̀, mo ń da èyí tó kù nù. Ìgbà yẹn ni òùngbẹ ń pa bàbá mi níbí."

"Mo mọ̀," ni Ìyá àgbà wí. "O rò pé n kò mọ ohun tó ń lé ọ kiri ilé?" Wọ́n gba kẹ̀ǹbẹ̀ lórí itan wọn, wọ́n gbọn iyanrìn rẹ̀ dànù. "Dìde. Lọ gbé korobá."

Wọ́n lọ gbé e. Ìyá mi di àmù rẹ̀ mú lọ́rùn, ó ní òun kò ní fi sílẹ̀, pé ẹni tó bá fún èèyàn ní nǹkan kì í gbà á padà. Bọ̀dá Òkun ṣèlérí fún un níbẹ̀ pé omi kò ní wọ́n ọn mọ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé ṣọ́bìrì lọ sí àárín odò gbígbẹ, wọ́n ń gbẹ́ iyanrìn. Wọ́n gbẹ́ ẹ títí a kò fi rí orí wọn mọ́, títí mo fi gbọ́ tí àwọn èèyàn kan ń kí wọn káàbọ̀ nísàlẹ̀ ní èdè tí mi ò gbọ́. Omi sun, ó tutù, ó mọ́. Àwọn fúnra wọn ló ń pọn ọ́n lójoojúmọ́, sínú ilé kọ́kọ́, lẹ́yìn náà sínú agbá. Wọ́n fi kẹ̀ǹbẹ̀ wọ ẹ̀rọ padà bó ṣe wà, ó ń kán lọ. Wọ́n jókòó jẹun ní ọjọ́ náà. Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n sùn níbi tí wọ́n jókòó sí, ọwọ́ wọn ṣì wà nínú àwo, àwọn adìẹ sì bá wọn jẹ èyí tó kù.

Òjò pẹ́ kó tó dé. Ọ̀gbun ìsàlẹ̀ odò tí kì í gbẹ, ó gbẹ lọ́dún náà, ọkọ̀ Bàbá Kàrímù sì hàn síta nínú ẹrẹ̀ líle, ó là láti orí dé ìdí. Bàbá Kàrímù dúró ti tiwa, ó fi èékánná họ pákó rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Pákó náà tutù. Ẹsẹ̀ kẹ̀ǹbẹ̀ kan wà nínú abọ́ páànù, ó ń fa omi, ó sì ń pín in láti ọ̀tún dé òsì ọkọ̀, láti ìgbà ọyẹ́ títí di ìgbà òjò. Ọjọ́ tí Ọ̀fíkì kún, a ti ọkọ̀ wọ inú rẹ̀. Gbogbo agbolé ló dúró wò ó. Ó léfòó. Kò jò rárá.

Àríyànjiyàn lórí ohun tó gba ọkọ̀ náà là kò parí títí gbogbo wọn fi kú. Bọ̀dá Òkun ní aṣọ tí òun fi wọ̀ ọ́ ni, pé òun kúkú ti sọ pé òtútù ń la nǹkan. Ìyá mi ní omi tí àwọn ọmọ òun pọn ni. Ìyá àgbà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n fọ kẹ̀ǹbẹ̀, wọ́n sá a, wọ́n ká a padà sínú àpótí. "Ó mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ilé," ni wọ́n wí.

Wọ́n ti ṣe afárá sórí Ọ̀fíkì báyìí, ọ̀kadà ń gba orí rẹ̀ kọjá lọ sí Àgọ́-Àrẹ láìwo ìsàlẹ̀. Àwọn ọmọ mi gbẹ́ kànga onímáṣíìnì síwájú ilé fún mi, wọ́n fi ẹnu ẹ̀rọ sí i lára ògiri ìta. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ọmọ mi obìnrin pe oníṣẹ́ ẹ̀rọ láti Ṣakí, ìyẹn tún un ṣe, ọmọ mi ní, "Bàbá, ẹ ó sùn dáadáa báyìí." Mi ò sùn. Mo ń yí láti ọ̀tún sí òsì, etí mi ń wá nǹkan kiri yàrá. Nígbà tí Ládàánì pèrun, mo wọ bàtà, mo jáde, mo yí ẹ̀rọ díẹ̀ báyìí, díẹ̀ péré, mo sì gbé abọ́ páànù sábẹ́ rẹ̀. Ọlọ́kadà kan tó ń lọ sóko dúró, ó mu, ó nu ẹnu, ó wo ojú mi. "Bàbá, kí òùngbẹ má gbẹ yín o." Mo ṣe àmín. Mo padà wọlé, oorun sì gbé mi lọ kí n tó bọ́ bàtà.